Tọ́báìnì inú òkun Amẹ́ríkà: kí ló dé tí ìjọba ń dá wọn dúró, tí kóòtù sì ń ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ?

Láti ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ àwọn tọ́báìnì inú òkun Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ńlá tí atẹ́gùn ń yí láti fi ṣe iná, ti ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ẹnìkan á ní Trump ti fòfin dè wọ́n pátápátá, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, kóòtù ti dá wọn láre, ẹlòmíì á tún fi fọ́tò ẹja ńlá tó kú sí etí òkun ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp pé àwọn tọ́báìnì yẹn ló pa á. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Providence, Brooklyn àti Virginia ní tiwọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ṣé owó iná tí à ń san yìí á lọ sílẹ̀ ni, àbí ó tún máa gòkè? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé kiri, ibi tí wọ́n ti ń já a sí méjì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Donald Trump gan-an, ló buwọ́ lu ìwé kan pé kí wọ́n má yá ẹnikẹ́ni ní apá ibì kankan mọ́ nínú òkun ìjọba àpapọ̀ láti fi ri tọ́báìnì, kí wọ́n sì dá ìwé àṣẹ tuntun dúró. Ìwé yẹn ò sọ pé kí àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí omi kó ẹrù wọn kúrò, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, Interior Department, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ àti òkun ìjọba àpapọ̀, ní kí Equinor, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Norway, dá iṣẹ́ Empire Wind 1 dúró, èyí tí wọ́n ń kọ́ sínú òkun lẹ́bàá Long Island láti fi fún New York níná. Iṣẹ́ dúró fún oṣù kan, Gómìnà Kathy Hochul ń bá White House sọ̀rọ̀ títí, nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Èyí tó wá mì ilẹ̀ tìtì ni ti Revolution Wind. Tọ́báìnì 65 ni, mẹ́gáwáàtì 704, 400 fún Rhode Island, 304 fún Connecticut, Ørsted ti ilẹ̀ Denmark àti alábàáṣe rẹ̀ Skyborn ló ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹjọ, ìwé dé pé kí wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ti tó ìdá 80 nínú 100, tọ́báìnì 45 ti wà lórí ìdúró nínú omi! Ẹ wo ilé tí wọ́n ti kan páànù rẹ̀ tán tó ku fèrèsé àti ọ̀dà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ X sí i lára. Ørsted gba kóòtù lọ, oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, Adájọ́ Royce Lamberth ní Washington sọ pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn èèyàn rò pé ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2025 ni Interior Department tún jáde, lọ́tẹ̀ yìí márùn-ún ni wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà: Revolution Wind, Empire Wind 1, Sunrise Wind ti New York, Vineyard Wind 1 ti Massachusetts, àti Coastal Virginia Offshore Wind tí Dominion, ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná ní Virginia, ń kọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ni. Kálukú gba kóòtù tiẹ̀ lọ, láàárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2026 gbogbo márààrún ló gba àṣẹ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kíyè sí àwọn adájọ́ yẹn o, torí àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ni: Reagan, ààrẹ ẹgbẹ́ Republican bíi Trump, ló yan Lamberth, Carl Nichols tó dá Empire Wind sílẹ̀, Trump fúnra rẹ̀ ló yàn án, Biden ti ẹgbẹ́ Democrat ló sì yan àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ Virginia àti Vineyard Wind.

Àṣẹ ìgbà díẹ̀ làwọn àṣẹ yẹn. Kóòtù ò sọ nínú wọn pé ìjọba jẹ̀bi, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí iṣẹ́ máa lọ nígbà tí ẹjọ́ gangan bá ń lọ lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tó ní "Trump ti fòfin dè é" ò gba á, ẹni tó ní "ẹjọ́ ti parí" náà ò gba á.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ sínú omi yẹn?

Fáànù orí àjà yín ń jẹ iná kó tó fẹ́ atẹ́gùn. Tọ́báìnì yí i padà: atẹ́gùn ló ń yí i, iná ló sì ń jáde. Ìyàtọ̀ wà nínú títóbi rẹ̀ ṣá. Tọ́báìnì Siemens Gamesa tí wọ́n lò ní Revolution Wind, mẹ́gáwáàtì 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí apá mẹ́ta rẹ̀ bá ń yí, fífẹ̀ òbìrí yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì jẹ́ mítà 200, pápá bọ́ọ̀lù méjì ló ń lọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tò wọ́n síra ní gígùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù ńlá gbá òpó irin kan tó nípọn gan-an wọ inú ìsàlẹ̀ òkun, lórí òpó yẹn ni wọ́n á gbé ilé gíga tọ́báìnì lé, lẹ́yìn náà orí rẹ̀ tí ẹ̀rọ wà nínú ẹ̀, ká tó wá so àwọn apá mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó nípọn á so tọ́báìnì sí tọ́báìnì nísàlẹ̀ omi, gbogbo iná á pàdé ní ibùdó kan tí wọ́n kọ́ sórí omi níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé agbára rẹ̀ sókè kó tó gba wáyà ńlá wá sórí ilẹ̀. Ti Revolution Wind, Quonset Point ní Rhode Island ni wáyà yẹn ti gòkè. Tí wọ́n bá ti tan án tán, àwọn òṣìṣẹ́ á máa gba ọkọ̀ ojú omi lọ tún un ṣe fún bí ogún ọdún sí ọgbọ̀n, ìgbì tó bá le jù lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́gáwáàtì yìí náà máa ń da orí rú. Mẹ́gáwáàtì 704 ni ibi tí agbára rẹ̀ lè dé nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa, kò túmọ̀ sí pé iye yẹn ló máa jáde ní wákàtí gbogbo. Tọ́báìnì inú òkun sábà máa ń mú bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 agbára rẹ̀ jáde tí wọ́n bá ṣírò ọdún kan pọ̀. Iye yẹn ju ti orí ilẹ̀ lọ torí atẹ́gùn orí òkun lágbára, kì í sì í ṣe ségesège bíi ti orí ilẹ̀.

Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun láyé. Vindeby ní Denmark ni oko tọ́báìnì inú òkun àkọ́kọ́, ọdún 1991, tọ́báìnì 11, gbogbo rẹ̀ ò ju mẹ́gáwáàtì 5 lọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo nísinsìnyí ti ju gbogbo oko yẹn lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Hornsea 2 tó ju mẹ́gáwáàtì 1,300 lọ, tọ́báìnì 165 nínú òkun Yorkshire, láti 2022. Ṣáínà ló ní jù lọ lágbàáyé báyìí. Amẹ́ríkà ni ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: Block Island, tọ́báìnì 5 péré, ọdún 2016.

Kí ló dé tí ìdádúró oṣù kan fi ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà lójú tèmi, òun sì ni àwọn èèyàn kì í sọ. Ẹni tó ń fi gáàsì ṣe iná, díẹ̀díẹ̀ ló ń náwó, tó bá fẹ́ tan iná lónìí á ra gáàsì tòní. Atẹ́gùn ò ní owó, ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni, nítorí náà ibi tí owó tọ́báìnì wà ni kíkọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jáde ṣáájú kí gílóòbù kan ṣoṣo tó tàn. Owó yẹn, yíyá ni wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, èlé ń gun orí ẹ̀ lójoojúmọ́, iṣẹ́ ń lọ o, iṣẹ́ ò lọ o.

Ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó lè gbé irú ẹ̀rọ yìí dúró lójú òkun, tó ń na ẹsẹ̀ irin kan ìsàlẹ̀ òkun kó má baà mì, kò pọ̀ lágbàáyé, wọ́n máa ń yá a sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, tí àkókò tiẹ̀ bá pé ó gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Amẹ́ríkà tún wá fi òfin Jones Act ti ọdún 1920 kún un, tó ní ọkọ̀ tó bá máa kó ẹrù láti etíkun Amẹ́ríkà kan dé ìkejì, Amẹ́ríkà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kàn án. Torí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń dúró lójú òkun ni, kí ọkọ̀ ìbílẹ̀ máa kó ẹrù wá bá a. Dominion ló ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tirẹ̀ ní Brownsville, Texas, Charybdis ni wọ́n pè é, ó gbà ju mílíọ̀nù 700 dọ́là lọ, ọdún 2025 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo iye tó ń ṣòfò. Equinor ní nígbà tí wọ́n dá Empire Wind dúró lóṣù kẹrin, bíi mílíọ̀nù 50 dọ́là ló ń lọ lọ́sẹ̀. Ørsted sọ fún kóòtù pé ti Revolution Wind ju mílíọ̀nù 2 lọ lójúmọ́. Dominion ní tiwọn ju mílíọ̀nù 5 lọ lójúmọ́. Lójú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, ìjọba ò nílò kí ó borí ní kóòtù kó tó pa wọ́n lára, kó ṣáà ti kọ lẹ́tà kan tó lè dúró fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n lè má lè dìde mọ́. Ohun tí àwọn adájọ́ sì gbà nìyẹn tí wọ́n fi fún wọn ní àṣẹ ìgbà díẹ̀: pé ìpalára tí ìdádúró yẹn máa ṣe, kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Kí ni ìjọba sọ pé ó fà á?

Àlàyé wọn ti yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ti Empire Wind, wọ́n ní ìjọba Biden kánjú fún wọn níwèé àṣẹ, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ti oṣù kejìlá, rádà ni wọ́n mẹ́nu lé.

Ọ̀rọ̀ rádà yìí, òótọ́ wà nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n hùmọ̀ ẹ̀ ni. Rádà máa ń ju ìgbì jáde, tó bá kan nǹkan á padà wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ̀ pé bàálù tàbí ọkọ̀ ń bọ̀. Irin gíga tó pọ̀ nínú òkun, tí apá rẹ̀ tún ń yí láìdúró, máa ń da ìgbì náà padà yánmayànma, ohun tí kò sí á farahàn lójú rádà, ohun tó wà á sì lè sá pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ìjọba ní ìwádìí tuntun tó jẹ́ àṣírí fi hàn pé ewu náà pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò tẹ́lẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé ọ̀rọ̀ rádà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà wà nídìí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó fún wọn níwèé àṣẹ, àdéhùn sì wà lórí bí wọ́n ṣe máa bójú tó o. Wọ́n tún béèrè pé tó bá jẹ́ pé yíyí apá tọ́báìnì ló ń da rádà láàmú, kí ló dé tí wọ́n ní kí wọ́n dá kíkọ́ dúró, nígbà tí àwọn kan tó ti wà ní Vineyard Wind ń mú iná wá lọ́wọ́ tí wọn ò pa wọ́n.

Yàtọ̀ sí rádà, ìjọba Trump ò fi bo pé àwọn ò fẹ́ràn nǹkan yìí. Wọ́n ní owó rẹ̀ wọ́n, kò ṣeé gbára lé, owó ìrànwọ́ ìjọba ló ń gbé e ró. Trump tiẹ̀ ti bá wọn jà tipẹ́ kó tó di ààrẹ, ó pe ìjọba Scotland lẹ́jọ́ lórí tọ́báìnì 11 tí wọ́n fẹ́ rì sí òkun Aberdeen tí pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀ kọjú sí, ó sì pàdánù ní kóòtù tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kejìlá ọdún 2015.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pa àbùùbùtán?

Òótọ́ ni pé àbùùbùtán ń kú. NOAA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òkun, kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2016 ni èyí tó ń kú lára irú tí wọ́n ń pè ní humpback ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní etíkun ìlà-oòrùn. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, tọ́báìnì márùn-ún Block Island nìkan ló wà nínú òkun Amẹ́ríkà nígbà yẹn, òun náà ò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ìparí ọdún. Nínú àwọn tí wọ́n là yẹ̀ wò, bí ìdá 40 nínú 100 ni ọkọ̀ kọlù tàbí ni okùn apẹja wé mọ́ lára. NOAA ní kò sí ẹ̀rí kankan tó so ikú wọn mọ́ iṣẹ́ tọ́báìnì.

Àmọ́ ariwo òòlù tí wọ́n fi ń gbá òpó yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹranko tó jẹ́ pé etí ló fi ń ríran. Ẹ̀rù tó pọ̀ jù wà lórí irú kan tó ń jẹ́ North Atlantic right whale, torí èyí tó ṣẹ́kù láyé ò tó 400. Ìdí nìyẹn tí ìwé àṣẹ fi ní àwọn oṣù tí wọn ò gbọdọ̀ gbá òpó rárá, ní Vineyard Wind oṣù kìíní títí dé ìparí oṣù kẹrin ni. Wọ́n tún máa ń fi páìpù oníhò yí òpó ká nísàlẹ̀ omi, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, ìfófó á máa ru sókè bí aṣọ ìkélé, ariwo tó bá gba ibẹ̀ kọjá á ti rọlẹ̀. Àwọn tó ń takò ó ní kò tó.

Àwọn apẹja ńkọ́?

Àwọn tí mo káàánú jù nìyí, torí wọ́n sábà máa ń fi wọ́n ṣe ohun èlò ìjà nìkan. Àwọn apẹja Rhode Island àti Massachusetts ní àwọ̀n tí àwọn ń fà nísàlẹ̀ òkun lè kọ́ mọ́ wáyà, rádà inú ọkọ̀ àwọn náà máa ń dàrú, ojú ibi tí bàbá àwọn ti ń pẹja ni wọ́n wá rì irin sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ fèsì pé wọ́n á fi máìlì òkun kan sáàárín tọ́báìnì kan sí ìkejì ní agbègbè náà kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá, wọ́n sì ya owó gbà-má-bínú sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní owó yẹn ò tó ohun tí wọ́n máa pàdánù.

Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ṣẹlẹ̀ lóṣù keje ọdún 2024: apá kan já lára tọ́báìnì Vineyard Wind, apá tó gùn tó mítà 107, fóòmù àti fáíbà fọ́nká wá sí etíkun Nantucket, wọ́n ti etíkun pa nígbà tí àwọn àlejò pọ̀ jù lọ́dún. GE Vernova tó ṣe é ní àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ni, gọ́ọ̀mù tó so inú rẹ̀ pọ̀ ò tó, wọ́n ní kí wọ́n yọ àwọn apá mìíràn tó wá láti ilé-iṣẹ́ Gaspé ní Canada. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 10.5 dọ́là fún ìlú Nantucket. Fídíò apá yẹn ló ṣì ń kiri títí dòní, àwọn kan á fi ránṣẹ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ṣé Trump nìkan ló kó wọn sí wàhálà?

Rárá o. Oṣù kẹwàá ọdún 2023, Biden ló wà lórí àga, ni Ørsted ti pa Ocean Wind 1 àti 2 ti New Jersey rẹ́. Kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ti fọwọ́ sí nígbà tí èlé ṣì kéré ni, lẹ́yìn kòrónà àti ogun Ukraine, irin wọ́n, ọkọ̀ wọ́n, èlé gòkè, owó tí wọ́n ní àwọn á ta iná ò lè kó owó kíkọ́ jáde mọ́. Àṣẹ ìdádúró wá bá wọn lórí ìdúró tí kò dúró re.

Owó iná ńkọ́?

Àwọn méjèèjì tó ń jà lórí ẹ̀ ló ní nọ́ńbà lọ́wọ́. Kọ́ńtíráàtì Revolution Wind fún Rhode Island, ọdún 2019 ni, ó lé díẹ̀ ní sẹ́ńtì 9.8 fún kílówáàtì wákàtí kan, iye kan náà fún ogún ọdún, gáàsì ì báà wọ́n, ì báà pọ̀. ISO New England, àwọn tó ń darí iná agbègbè náà, jáde sọ lóṣù kẹjọ 2025 pé àwọn ti ka iná yẹn mọ́ ohun tí àwọn máa lò, pé tó bá pẹ́ kó tó dé, ewu àìtó iná á pọ̀ sí i. Ìgbà òtútù ló ń dà wọ́n láàmú jù, torí gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná náà ni wọ́n fi ń ṣe iná, atẹ́gùn òkun sì máa ń le gan-an ní àkókò yẹn.

Ẹ wá wo New York. Ní 2019, Sunrise Wind gbà láti ta tiẹ̀ ní bíi sẹ́ńtì 11, Empire Wind 1 bíi 11.8. Wọn ò lè kọ́ ọ níye yẹn, wọ́n padà wá dúnàá-dúrà tuntun ní 2024: Sunrise di sẹ́ńtì 14.6, Empire di 15.5. Ti Virginia yàtọ̀, Dominion tó ń ta iná fún àwọn ará ibẹ̀ ló ń kọ́ oko yẹn fúnra rẹ̀, nítorí náà nínú owó tí ìdádúró bá fi kún iṣẹ́ náà, apá kan á bọ́ sórí àwọn tó ń san owó iná fún un.

Lẹ́yìn àwọn márùn-ún yìí, kò sí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn nítòsí. Òfin owó orí tí Trump buwọ́ lù lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025 ní oko atẹ́gùn tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ kí ọdún kan tó pé sí ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti máa mú iná jáde kó tó di ìparí 2027, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí ẹ̀dínwó owó orí gbà. Láti ìwé àṣẹ dé iná àkọ́kọ́, oko inú òkun máa ń gbà ju ọdún méjì lọ dáadáa.